Fluconazole: Ta Ni Oògùn Yìí Wà Fún?

Ìbéèrè: Kí ni fluconazole ń wò?
Ìdáhùn: Àrùn tí ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ń fà ni. Dókítà ń fi wo nǹkan funfun tó ń bo ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun, ojú ara obìnrin tó ń yún, àti irú yírùnyírùn kan tó ń pa ẹni tí HIV ti jẹ agbára ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnu ọmọ mi funfun. Ṣé HIV ni?
Ìdáhùn: Ẹ má tíì bẹ̀rù. Ọmọ ọwọ́ àti alátọ̀gbẹ náà ń ní i. Àyẹ̀wò HIV nìkan ló lè sọ. Fluconazole kì í sì í pa HIV.

Ìbéèrè: Ṣé ibi gbogbo ni wọ́n ti ń rí i?
Ìdáhùn: Ní Amẹ́ríkà, àfi pẹ̀lú ìwé dókítà. Ní ìlú Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, apòògùn lè ta hóró 150 mg kan fún ojú ara yíyún. Nígbà kan, ó wọ́n bí ojú. Ní 2000 ni Pfizer gbà láti fún South Africa lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe é.

Ìbéèrè: Ṣé kí n lọ rà á ní kẹ́mísì ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀?
Ìdáhùn: Ẹ rí dókítà ná. Ó lè pa ẹ̀dọ̀ lára, ó sì lè bá oògùn ikọ́ ife jà. Aláboyún, ẹ ṣọ́ra.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni tó ní HIV tí kò lọ, tí ọrùn rẹ̀ gan, ẹ má pè é ní ibà. Ọsibítù Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà gan-an ni o!