Ara Ríro Lẹ́yìn Eré Sísá: Ìsinmi Jẹ́ Ẹ̀tọ́ Ara

Ìdíje eré sísá Okpekpe, tó jẹ́ kìlómítà 10, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 ní ìpínlẹ̀ Edo tó múlé tì wá ní Kogi. Ti Èkó, tó jẹ́ kìlómítà 42, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Ọ̀dọ́ Kabba tó bá ń múra irú eré bẹ́ẹ̀ lórí àwọn òkè ilẹ̀ Òkun gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan rẹ̀.

Bí èèyàn bá sáré ọ̀nà jíjìn, àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín inú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa já. Sísáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ló ń fà á jù. Ara á wá rán sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ kó èyí tó bàjẹ́ kúrò, kí àtúnṣe lè bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló ń mú kí ibẹ̀ wú, kí ó sì máa ro ni. Ìrora náà sábà máa ń le jù láàrin wákàtí 24 sí 72.

Wíwú yìí kì í ṣe ọ̀tá. Bí a bá fún un láàyè, iṣan á le sí i. Bí a bá tún sá irú eré kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìrora rẹ̀ kì í tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ sáré àsápajúdé dà bí ẹni tó ń wó ògiri tí bíríkìlà kò tíì mọ tán.

Anabi wa (SAW) rán Abdullah ọmọ Amr, tó ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì ń fi gbogbo òru kírun, létí pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí ìjọsìn bá ní ìwọ̀n, eré sísá ńkọ́?

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni gbígbé ibuprofen mì kí a lè fara da eré. Oògùn yìí pẹ̀lú òùngbẹ lè ṣe kíndìnrín léṣe. Bí iṣan bá sì bàjẹ́ púpọ̀, ohun inú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí Coca-Cola lẹ́yìn eré, kó má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, tó tó nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà, ní láti ṣọ́ra jù: kó rọra bẹ̀rẹ̀, kó mumi dáadáa, kó dúró bí ara bá ti kọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá sáré tó le lónìí, ẹ sinmi tàbí kí ẹ rọra rìn lọ́la. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja, kí ẹ sì sùn dáadáa. Nínú Ramadan, ẹ fi eré tó le sí ẹ̀yìn ìṣínu.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera tí a ó fi sìn Ín. Āmín.