Omi Ẹ̀gbin Kò Mọ Onílé, Kò Mọ Àjèjì

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Port Harcourt ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, àrùn ni yóò bá wa sọ ọ́.

Etí omi ni ìlú yìí wà. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, òjò ibẹ̀ sì pọ̀ ju tilé lọ. Lọ́pọ̀ ibi, a kì í gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí a tó kan omi. Ìdí nìyí tí sókàwé fi ń tètè kún lásìkò òjò: ilẹ̀ tó yẹ kó fa omi inú rẹ̀ ti mu àmuyó. Omi náà á wọ gọ́tà, gọ́tà á gbé e lọ sódò. Bí omi òkun bá sì ń kún bọ̀, á dá a padà sí ẹnu ọ̀nà wa. Kànga tí a ń fà sì wà nítòsí. Ibẹ̀ ni àrùn onígbáméjì ń gbà wọlé. Lọ́dún 2021, ó pa ju 3,500 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà.

Àtúnṣe gidi ni páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí yóò kó ìgbọ̀nsẹ̀ láti ilé dé ilé lọ síbi tí wọn yóò ti sọ ọ́ di mímọ́ kó tó dé odò. Lọ́dún 2014, Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí yíyá owó tó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omi àti ìmọ́tótó ní ìlú yìí. Ẹ̀tọ́ wa ni láti máa béèrè ibi tí iṣẹ́ dé.

Ojú òyìnbó náà ti rí i rí. Lọ́dún 1858, òórùn odò Thames fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn aṣòfin jáde ní London. Joseph Bazalgette wá ri páìpù ńláńlá sábẹ́ ìlú. Mílíọ̀nù 4 ènìyàn ló ṣe é fún. Àwọn ará ibẹ̀, tó fi mọ́ àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀, ti tó bíi mílíọ̀nù 9 báyìí. Páìpù kan náà ni omi òjò àti ti ilé ìgbẹ́ jọ ń gbà, nítorí náà bí òjò bá rọ̀, á kún, á tú sódò. Wọ́n ní láti gbẹ́ ihò tó gùn tó kìlómítà 25 sábẹ́ odò náà kó máa gba èyí tó bá kún jù. Ọdún 2025 ni gbogbo rẹ̀ tó parí, àwọn ará ìlú sì ń san owó rẹ̀ lórí owó omi wọn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ìjọba má da méjèèjì pọ̀ níhìn-ín. Kí omi òjò ní ọ̀nà tirẹ̀, kí ìgbọ̀nsẹ̀ ní tirẹ̀. Kí páìpù náà má sì mọ sí GRA nìkan; kó dé Diobu, kó dé etí omi níbi tí tálákà pọ̀ sí.

Àwọn kan láàrin wa máa ń sọ pé, “Ìlú wa kọ́, ọ̀rọ̀ onílẹ̀ nìyẹn.” Ta ló ń pọn omi kànga yẹn? Ibo ni a bí àwọn ọmọ wa sí? Àwọn mìíràn ń dúró de òjò ńlá kí wọ́n tó ṣí sókàwé, kí àgbàrá lè gbé e lọ, kí wọ́n má baà sanwó ọkọ̀ tó ń fà á. Ẹ jọ̀wọ́, ó tó. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Aládùúgbò tí a da tiwa sí lẹ́nu ọ̀nà kò ní gbàgbé wa.

Kí onílé àti ayálégbé jọ dáwó kí òjò tó dé, kí wọ́n pe ọkọ̀, kí wọ́n sì béèrè ibi tí awakọ̀ ń lọ dà á sí. Ẹni tó kan ìsọ̀ lé orí gọ́tà, kó ká a kúrò fúnra rẹ̀. Bí àwọn tó ń ri páìpù bá sì dé àdúgbò wa, ẹ jẹ́ ká yọ̀ǹda ọ̀nà fún wọn. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwa náà ti di onílé níhìn-ín.