Altmark Tó Lókìkí, Nordmark Tó Dákẹ́

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ agbépo Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Altmark ni gbogbo ẹnu ń dárúkọ. Ní tèmi, Nordmark, ìkejì rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ máa dárúkọ.

Irú ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ń gbé epo, oúnjẹ àti ọta, wọ́n sì yára débi tí wọ́n fi lè bá ọkọ̀ ogun rìn. Jámánì kò ní èbúté kankan ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ ogun rẹ̀ tó bá lọ síbẹ̀ tí kò rí irú wọn pàdé, epo á tán nínú rẹ̀ lójú agbami.

Ogun kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí Altmark ti gbé epo dísù ní Port Arthur, ní Texas, lóṣù Kẹjọ ọdún 1939. Ó ń bọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Admiral Graf Spee, èyí tó rì ọkọ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń kó àwọn atukọ̀ tí wọ́n mú sínú Altmark. Nígbà tí Graf Spee fọwọ́ ara rẹ̀ rì lẹ́bàá Montevideo lóṣù Kejìlá, òǹdè 299 ló kù sí ìsàlẹ̀ Altmark, àwọn ará Íńdíà wà lára wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Heinrich Dau, fẹ́ kó gbogbo wọn dé Jámánì, ó sì gba inú omi Norway. Àwọn ará Norway yẹ ọkọ̀ náà wò, wọn kò ṣí ibi tí èèyàn wà. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1940, Philip Vian, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wa ọkọ̀ ogun Cossack wọ Jøssingfjord ní Norway, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fò sínú Altmark, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Norway ni mo káàánú jù. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ inú omi rẹ̀ ni Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ti wá jà, kò sì pé oṣù méjì tí Jámánì fi ya wọ ilẹ̀ rẹ̀.

Èèyàn tí Altmark gbé ló tú àṣírí rẹ̀, kì í ṣe epo. Nordmark náà gba òǹdè lọ́wọ́ Admiral Scheer, ọkọ̀ ogun Jámánì mìíràn, ṣùgbọ́n inú Storstad, ọkọ̀ tí Jámánì gbà lọ́wọ́ àwọn ará Norway, ni wọ́n kó wọn sí lọ sí ilẹ̀ Faransé. Nordmark dúró sẹ́yìn. Ó pe ara rẹ̀ ní Dixie, ó ṣe bí ọkọ̀ Amẹ́ríkà, tí kò tíì wọ ogun nígbà náà. Scheer, àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì bíi Pinguin àti Kormoran, àti àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ń wá gba epo lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹyin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lóṣù Kejìlá ọdún 1940, Scheer gba Duquesa, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ẹran dídì àti ẹyin tó lé ní mílíọ̀nù 14. Èédú Duquesa tán. Wọ́n ń fọ́ pákó ara rẹ̀ dáná kí ẹ̀rọ amúǹkan-tutù má baà kú, Nordmark sì ń fà á kiri bí ẹni fa ewúrẹ́, ẹni tó bá dé á jẹ. Wọ́n rì í lóṣù Kejì ọdún 1941. Oúnjẹ tí wọ́n ń gbé lọ fún ará Bìrìtéènì ni wọ́n fi bọ́ àwọn tó ń pa atukọ̀ wọn.

Graf Spee rì mẹ́sàn-án. Scheer ní tirẹ̀ gba ọkọ̀ 17 tàbí kó rì wọ́n kó tó padà sílé. Altmark fúnra rẹ̀ ṣe bẹbẹ nígbà tó dákẹ́: wọ́n sọ ọ́ ní Uckermark, ó bá àwọn ọkọ̀ ogun Scharnhorst àti Gneisenau jáde lọ́dún 1941, ọkọ̀ 22 sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjì yẹn. Ní Yokohama, ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1942, ó gbiná, ó bú gbàmù, èèyàn rẹ̀ 53 kú, Thor, ọkọ̀ ogun Jámánì tó wà nítòsí, sì jóná.

Nordmark la ogun já. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n sọ ọ́ ní Bulawayo, wọn kò sì tú u palẹ̀ títí di ọdún 1955. Kí wọ́n tó tú u, òun ni wọ́n fi ń dánra wò bí ọkọ̀ ṣe ń gba epo lára ọkọ̀ lórí ìrìn.