Ta Ni í Tọ́jú Olùtọ́jú? Ipò Òṣìṣẹ́ ní Ilé Ìtọ́jú Àwọn Arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Lórí òye yìí ni ìtọ́jú arúgbó dúró láwùjọ Yorùbá. Inú agbo ilé ni arúgbó ń gbé. Àwọn ọmọ, aya-ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni í pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tí í ka wákàtí. Ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lè dá gbé mọ́ ni ó wà ní ilé ìtọ́jú, níbi tí òṣìṣẹ́ tí ń gba owó wákàtí ti ń wẹ̀ wọ́n, tí ó ń fún wọn lóúnjẹ, tí ó sì ń pààrọ̀ aṣọ wọn. Láti oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ṣí físà sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó wọ inú rẹ̀, àwọn olùkọ́ kò sì gbẹ́yìn. 'Kẹ́à' ni wọ́n ń pè é.

Ìlànà òfin ọdún 2014 lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́, kí wọ́n sì rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àbójútó àti àtìlẹ́yìn gbà. Àjọ Care Quality Commission ni í yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n òfin kò dá iye. Kò sọ pé òṣìṣẹ́ kan sí arúgbó márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré náà, 'tó', ni gbogbo àríyànjiyàn rọ̀ mọ́: ẹni tí ó ni ilé ni í kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀, àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni í sì fara gbá ìtumọ̀ náà.

Òru ni èyí hàn jù. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde kúrò lórí ibùsùn, ènìyàn méjì ni ó sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, kí arúgbó má baà ṣubú, kí ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ má sì yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjì péré ni ó wà nílé lóru, ta ni yóò dá aago tí ń dún ní yàrá kejì lóhùn? Ẹni tí ó bá dá nìkan lo ẹ̀rọ rú ìlànà. Ẹni tí ó bá dúró de ẹnìkejì rẹ̀ fi arúgbó sílẹ̀ nínú aṣọ tútù. Èyí ó wù kí ó yàn, orúkọ tirẹ̀ ni yóò wà nínú ìwé bí nǹkan bá bàjẹ́.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń sun ibi iṣẹ́, kí wọ́n lè dìde bí ìpè bá dé. Ṣé iṣẹ́ ni irú oorun bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ibẹ̀ dájọ́ pé wákàtí tí ẹni náà bá fi lajú ṣiṣẹ́ nìkan ni òfin owó iṣẹ́ tí ó kéré jù kàn. Ọ̀kan nínú àwọn olùpẹjọ́ ń gbé inú ilé ìtọ́jú tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí méje òwúrọ̀. Ìdájọ́ náà lè bá ọ̀rọ̀ òfin mu. Síbẹ̀, abiyamọ mọ̀ pé oorun ẹni tí ń retí ìpè kì í kún ojú.

Ní ti àbójútó, ohun tí òfin ní lọ́kàn ni kí ọ̀gá jókòó ti òṣìṣẹ́ láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n jọ yẹ iṣẹ́ wò. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín alábòójútó tí ń wá àṣìṣe kiri àti èyí tí ń béèrè ibi tí ẹrù ti wúwo. Ẹrù ọ̀hún kò sì mọ sí ti ara. Arúgbó tí òṣìṣẹ́ ti wẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lè kú lóru. Kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi wà lórí ibùsùn rẹ̀. Àwọn ẹbí ni wọ́n ń bá kẹ́dùn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni kí òṣìṣẹ́ náà pé, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Òfin kan tí ó jáde lọ́dún 1998 dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó bá tú àṣírí ìwà àìtọ́ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n físà so àlejò mọ́ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá òmíràn. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, òṣìṣẹ́ tuntun kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí kò tíì wọlé. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀, tí ó yá owó lọ, tí ilé sì ń retí ọwọ́ rẹ̀, yóò ka 60 ọjọ́ yẹn dáadáa kí ó tó la ẹnu sọ pé òṣìṣẹ́ méjì kò tó lóru.