Ọ̀rá tí ó Yẹ fún Ìbọn Ọdẹ

Nígbà tí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ṣì jẹ́ ibùdó àgbẹ̀ láàárín àwọn Àwórì, ohun èlò oko ni ìbọn ṣakabùlà, gẹ́gẹ́ bí àdá àti ọkọ́. Ní òní, ilé ti gba ilẹ̀ oko níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìbọn náà kò tíì tán lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ní ìbọn gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò lè lé ìpẹtà. Ìbọn tí ìpẹtà ti jẹ nínú lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, kí ó sì gba ojú tàbí ìka rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi epo pupa pa ìbọn. Kò yani lẹ́nu, nítorí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo ọ̀pẹ tí a ń kó láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí a fi ń po ọ̀rá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n a máa ń fi ọ̀rá tuntun sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lóòrèkóòrè, nígbà tí ìbọn lè wà ní àjà fún oṣù púpọ̀. Epo pupa a máa kan bí ó bá pẹ́; kíkan rẹ̀ a máa jẹ irin, a sì máa dì mọ́ ẹ̀rọ ìbọn. Ọ̀rá ẹran oníyọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ a máa fa omi. Ọ́ìlì dúdú tí a tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, tí ó wọ́pọ̀ ní Òṣòdì lónìí, kò dára pẹ̀lú: ásíìdì àti ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ó yẹ fún ìbọn tí a óò gbé pamọ́ ni ọ́ìlì fífúyẹ́ tí a sẹ̀ mọ́, irú èyí tí a ń fi sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí kò bá sí, Vaseline, tí Robert Chesebrough gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1872, tó. Òun kì í kan. Bí ọjọ́ ìṣọdẹ bá dé, kí a nù ún kúrò pátápátá, nítorí a máa ba ẹ̀tù jẹ́, bí ó bá sì pàdé èérí ẹ̀tù, a máa dì bí ọ̀dà. Ọ̀rá màlúù aláìníyọ̀ tí a yọ́ pọ̀ mọ́ ìda oyin bá ẹ̀tù dúdú mu jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rá tí ó lè gba ìbọn elérìí là. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà: èérí ẹ̀tù a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, pàápàá ní ẹ̀bá ọ̀sà, ọ̀rá tí a bá sì fi bò ó kàn ń ti olè mọ́lé ni. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fi ọ̀pá ìkìbọn wò ó dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú ìbọn. Lẹ́yìn náà kí a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí a fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí kò fi ní dọ̀tí mọ́, kí a tó fi ọ̀rá díẹ̀ pa á. Díẹ̀ ni kí ó jẹ́: ọ̀rá púpọ̀ a máa kó erùpẹ̀ ọyẹ́ jọ.