Ẹ̀tọ́ Aboyún Lẹ́nu Iṣẹ́
Ẹ̀yin ìyá, bí ọ̀sẹ̀ 6 ni ilé-ọmọ fi ń padà sípò lẹ́yìn ìbímọ. Ìsinmi yín kì í ṣe ojúrere ọ̀gá, ẹ̀tọ́ ni.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 fún òṣìṣẹ́ obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, pẹ̀lú ìwé dókítà, àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù 6 níbẹ̀, yóò gba ìdajì owó rẹ̀, ó kéré tán. Ìyá ọlọ́mú ní ìdajì wákàtí láti fún ọmọ lọ́yàn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Bí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ má dá lọ. Ẹ kóra jọ, ẹ lọ sí ọ́fíìsì lébà. Ẹ sọ fún aṣòfin yín ní Àbújá pẹ̀lú, kí ìdajì owó lè di odidi. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.