Aṣọ Yídì Kọ́ Ni Aṣọ Ìdáná

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ kan kí Iléyá tó dé. Bí a bá ti Yídì dé, tí baálé ilé bá ti dúńbú àgbò, ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kó sídìí iná pẹ̀lú léèsì tí a fi kírun. Ewu ńlá ni. Aṣọ náílọ́ọ̀nù tàbí pọliẹ́sítà máa ń yọ́ bí iná bá ràn án, á sì lẹ̀ mọ́ni lára. Òwú náà ń gbaná o, ṣùgbọ́n kì í yọ́ mọ́ awọ. Àǹkárá àtijọ́ tí apá rẹ̀ kò fẹ̀ ló yẹ ìdí iná.

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣí orí sílẹ̀. Orí tí a bò kì í jẹ́ kí irun bọ́ sínú ọbẹ̀. Híjáàbù gígùn tó ń fì síwájú ni kí ẹ ká sẹ́yìn, kí ẹ sì so épúrọ̀nù lé e. Ṣùgbọ́n kí épúrọ̀nù má di aṣọ ìnuwọ́. A ti rí ẹni tó fi nu ọwọ́ tó fi gé ẹran tútù, tó sì tún fi nu àwo tí yóò bu oúnjẹ sí!

Àwọn kan á ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ni.” Ti ìrun ni àlùwàlá, kò gba ipò ọṣẹ lẹ́yìn tí a ti fọ ìfun àgbò, tí a ti ka owó, tàbí tí a ti nu ìdí ọmọ. Ọṣẹ àti omi ni, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, dé abẹ́ èékánná àti abẹ́ òrùka.

Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ ńkọ́? Kòkòrò àìrí kan wà tó máa ń gbé inú imú ènìyàn àti inú egbò tó ní ọyún. Staphylococcus ni àwọn dókítà ń pè é. Bó bá bọ́ sínú oúnjẹ tí a gbé kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á tu májèlé sí i, májèlé náà kì í sì í tán bí a tilẹ̀ tún oúnjẹ ọ̀hún gbé kaná. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí 8, àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí bì, àwọn ará ilé á sì máa wá ọ̀tá tó fi nǹkan sóúnjẹ. Kí elégbò fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lé e, tàbí, èyí tó dára jù, kó fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìbọ̀wọ́ tó bá ti kan owó tàbí ẹran tútù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gé sàláàdì.

Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni, ẹ má fi ògì, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín ra á. Omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe omi dídì. Ẹ tètè bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ibẹ̀ tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ ní ọsibítù.